Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Orin Fún Ṣúgà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ìgbà èwe dùn, ẹ bi í léèrè pé ta ló dùn mọ́. Ní ìlú kékeré kan báyìí, láyé ìgbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì lòde, ibì kan ṣoṣo ni ìgbà èwe ti ń dùn, ibẹ̀ náà sì ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, ní ìparí òpópónà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ẹni tó bá dùn mọ́ níbẹ̀, ó dùn mọ́ ọn dé góńgó. Ẹni tí kò bá dùn mọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé, bó ti wù kó dàgbà tó.

Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù náà. Sìmẹ́ńtì pupa ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kún ara ògiri, èyí tó súnmọ́ fèrèsé ti ṣá nítorí oòrùn. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níta, tábìlì kan wà nínú, orí tábìlì yẹn sì ni ẹ̀rọ orin wà, pẹ̀lú apá rẹ̀ tín-ín-rín tí wọ́n ń gbé lé orí rẹ́kọ́ọ̀dù kó tó kọrin. Ní ọ̀sán Sátidé, bí wọ́n bá ti fọṣọ tán, tí wọ́n ti gbálẹ̀, tí àwọn ìyá ti pa gbogbo ariwo tí wọ́n fẹ́ pa tán, gbogbo ọ̀dọ́ tó mọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ á forí lé ibẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin á wọ ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń bá ìjọba gbálẹ̀ òpópónà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọbìnrin á wọ bàtà onígìgísẹ̀ tí wọ́n yọ́ mú lábẹ́ ibùsùn àǹtí wọn. Wọ́n á kó ara wọn jọ pín ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan mu, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun ara wọn bóyá ẹnì kan ti fà jù. Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ á jókòó sórí àga, á fi fìlà bojú, á máa sùn. Bí ọwọ́ ọlọ́ràá kò bá ti kan rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, kí wọ́n jó títí ilẹ̀ ó fi wó, kò kàn án.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí bàbá náà kò mọ̀. Pípa orin ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tí wọn kò fẹ́ bá wọlé, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á gbé apá rẹ̀ sókè, orin á sì dákẹ́ wáí. Gbogbo àwọn tó ń jó á dúró bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ sókè kò ní gbé e sílẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á panu dé, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mira títí onítọ̀hún á fi jáde. Wọn kò ní lé e, wọn kò ní bú u, wọ́n á kàn máa wò ó ni. Ẹgba sàn ju ìyà yẹn lọ. Ìkà ẹ̀dá ló hùmọ̀ rẹ̀.

Ṣúgà ni ẹ̀dá náà. Ọmọ apòògùn ìlú ni. Bí ẹ bá ń bi mí pé ta ló sọ ọ́ ní Ṣúgà, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó rẹwà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó sì mọ ijó í jó. Ìdí ẹ̀rọ orin ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ti rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá gbé apá ẹ̀rọ fún, onítọ̀hún á wá ibòmíràn tí yóò ti máa lo Sátidé rẹ̀.

Ọmọ Aránṣọ wà lára àwọn tí wọ́n rí ọ̀nà wọlé. Orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè é nìyẹn, nítorí ìyá rẹ̀ ló ń rán aṣọ fún àwọn ìyàwó ńláńlá ìlú. Lónìí ó ti di ìyá àgbà, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é ní Màdáámú, ṣùgbọ́n Ọmọ Aránṣọ náà ni yóò máa jẹ́ títí ìtàn yìí á fi parí. Òun àti Ṣúgà ń ṣọ̀rẹ́, tàbí kí n sọ pé Ṣúgà gbà kí ó máa bá òun ṣọ̀rẹ́, torí pé òun ló ń bá a ká etí yẹ̀rì rẹ̀ sókè nígbàkigbà tó bá fẹ́ kó kúrú.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Ìyáàfin Apòògùn gbé aṣọ kan wá fún Ìyá Aránṣọ, aláró tó ní òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lára. Kò sí irú rẹ̀ nílùú. Lọ́jọ́ tó wá gbà á, ó mú Ṣúgà dání. Ó wọ aṣọ náà, ó yí síwá yí sẹ́yìn níwájú dígí, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pa dé. Ìyá Aránṣọ kó àgékù tó kù lórí tábìlì jọ, ó fẹ́ dì í fún un. Obìnrin náà ju ọwọ́.

“Àgékù kẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ dì í. Ẹ fi rán nǹkan fún ọmọ yín.”

Ṣúgà wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, ó ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń jẹ bisikíìtì. Ó gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé Ọmọ Aránṣọ kò fìgbà kan gbé e kúrò lọ́kàn.

Àgékù náà kéré, òmíràn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ mọ ohun tó ń ṣe. Ó so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òdòdó pàdé òdòdó, tó fi jẹ́ pé ẹ ò ní rí ojú ibi tó ti so wọ́n. Ó fi rán yẹ̀rì tó jẹ́ pé bí ọmọ bá yí, á là bí agboòrùn. Nígbà tí Ọmọ Aránṣọ wọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kàn ń wò ó. “Lọ bá wọn jó,” ló sọ.

Ó lọ. Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù ni gbogbo ojú yí sí i. Ọmọ alápatà, tó ń bá Ṣúgà jó, gbàgbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tẹ Ṣúgà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Yí i, ká wò ó! Yí i!” Ọmọ Aránṣọ yí. Inú rẹ̀ dùn bí kò ṣe dùn rí. Àárín yíyí náà ló wà tí orin dákẹ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé iná ló lọ. Ìgbà tó dúró ló rí i pé gbogbo wọn ti gan. Ṣúgà ló wà nídìí ẹ̀rọ, ó gbé apá rẹ̀ sókè.

“Aṣọ ìyá mi lẹ̀ ń wò yẹn,” Ṣúgà wí. “Ìyá ẹ̀ jí i.”

“Ṣúgà, o wà níbẹ̀. Ojú ẹ ni Màmá ẹ ṣe—”

“Mi ò mọ nǹkan kan o. Olè ni ìyá ẹ.”

Ọmọ Aránṣọ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó máa rẹ́rìn-ín, kó lè mọ̀ pé eré ni. Kò rí. Kò lè kọ ẹ̀yìn sí irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló fi rìn jáde, ó ń fọwọ́ wá férémù ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi dáwọ́ dúró. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í bó bá ń gé aṣọ, wọ́n ń ṣọ́ sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Ìyá kan, tí ọmọ rẹ̀ padà wá di nọ́ọ̀sì, wá kó aṣọ rẹ̀ tí wọn ò tíì gé lọ, ó ní òun ń rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ibi tó ń lọ ò kọjá òdìkejì títì. Ìyáàfin Apòògùn ìbá ti fi ọ̀rọ̀ kan péré pa iná náà, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọmọ rẹ̀ di òpùrọ́ láàárín ìlú. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ lọ bá a nílé, wọ́n ní ó ń sùn. Ó padà lọ, wọ́n ní ó ṣì ń sùn. Oorun ọ̀hún pọ̀.

Ìyá Aránṣọ fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ibùsùn nílé ìfọṣọ ọsibítù. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbé iṣẹ́ wá fún un, bó bá ti rán tiwọn tán, á kó gbogbo àgékù jọ títí kan òwú ilẹ̀, á dì í, á sì fi lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ń fi ìka ṣa nǹkan lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan níbẹ̀. “Ẹ kó o fún wọn o,” ló ń wí. “Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́ kù.” Ohun tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ọmọ Aránṣọ dúró ti ibùsùn náà, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé Ṣúgà yóò fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ wẹ orúkọ ìyá òun mọ́.

Ṣúgà ti kúrò nílùú nígbà náà, ó ti relé ọkọ nílùú ńlá. Ọmọ Aránṣọ dúró dè é. Ó kọ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ sì ń wọlé fún un. Òun náà ń di àgékù fún oníbàárà, ó sọ ọ́ di òfin fún àwọn ọmọ iṣẹ́: ìgbálẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣa òwú. Àwọn èèyàn á ní, “Olóòótọ́ obìnrin!” Òótọ́ kọ́. Ìbínú ni.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tún àpótí àti àga ṣe ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, kó sì máa dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè é sí. “Màmá,” á ní, “ìbínú ẹ yìí ju àkọ́bí wa lọ lọ́jọ́ orí. Ó yẹ kó ti kúrò nílé.”

“Ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ mi,” á dáhùn. “Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ ọ.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí ọmọ Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, tó jogún ṣọ́ọ̀bù náà, fi pinnu láti gbé e fún àwọn tó ń ta fóònù. Kó tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo ọ̀dọ́ ọjọ́sí wá jó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́sàn-án Sátidé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ó ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣúgà ṣe wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé lábẹ́ apá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ibí ni aránṣọ tó mọṣẹ́ jù—” Ó wojú Ọmọ Aránṣọ, ó sì figbe ta. “Háà! Ọmọ Aránṣọ! Ìwọ rèé?”

Ó dì mọ́ ọn. Ọmọ Aránṣọ dúró gbọn-in nínú apá rẹ̀ bí igi tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ.

“Èmi ni,” ó wí.

“Wo ara ẹ! O ò tíì darúgbó! Ṣé o rántí bá a ṣe máa ń jó? Ayé ìgbà yẹn mà dùn o!”

“Mo rántí.”

“Rán èyí fún mi kó fẹ̀ nísàlẹ̀. Mo fẹ́ yí! Kó là, bíi ti ìgbà yẹn.”

Ọmọ Aránṣọ wọn ọrùn rẹ̀, ó wọn ìbàdí rẹ̀, ó kọ wọ́n sínú ìwé. Nígbà tí Ṣúgà jáde tán, òòlù Káfíńtà dákẹ́ ní kọ̀rọ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Ṣúgà ni.”

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Ọmọ Aránṣọ kò ṣòro. Ó rán aṣọ náà dáadáa níbi tí ojú ń rí. Àmọ́ nígbà tó dé ìbàdí, ó fi rírán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan so ó, irú èyí tí aránṣọ fi ń mú aṣọ pọ̀ kí oníbàárà tó wọ̀ ọ́ wò, tí ẹ bá sì fà á báyìí, ó tán. Ṣúgà á wọ̀ ọ́, Ṣúgà á yí, aṣọ á pín sí méjì, ìsàlẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Ọmọ Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rán an. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé ó ń rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Káfíńtà ló bà á jẹ́. Ó gbé aṣọ náà níbi tó fi kọ́ sí, ó fà á díẹ̀ ní ìbàdí, bó ṣe máa ń fa ẹsẹ̀ àga wò kó tó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

“Ta ló rán èyí?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ kọ́. Iṣẹ́ ìyá ẹ lo kọ́, mo mọ̀ ọ́n. Bí èyí bá tú lójú ijó, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ìyá ẹ ń jí aṣọ, ọmọ ẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n rán.”

Ọmọ Aránṣọ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí i débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Ohun tó bí i nínú jù ni pé òótọ́ ni. Ó tú ìbàdí aṣọ náà, ó sì fi òwú tó le rán an lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé bí màlúù méjì bá fà á, kò ní já. Ó ń rán an, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, torí pé kò mọ ọ̀nà mìíràn tó kù.

Ṣúgà ló fún un lọ́nà. Ó wá gba aṣọ, ó wọ̀ ọ́, ó yí níwájú dígí, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pa dé. Ìyá rẹ̀ gan-an ló jọ. Ọmọ Aránṣọ na ìdì àgékù sí i, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

“Àgékù aṣọ ẹ rèé.”

Ṣúgà ju ọwọ́. “Àgékù kẹ̀? Má wulẹ̀ dì í. Fi rán nǹkan fún ara ẹ.”

Ọwọ́ Ọmọ Aránṣọ dúró lófuurufú. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọwọ́ jíjù kan náà. Bí wọ́n bá ní kó kọ́ Ṣúgà ní ohun tó máa sọ, kò lè kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ṣé ó dá ẹ lójú?” ó bi í.

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mú un jàre.”

Nígbà tó lọ tán, Ọmọ Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù fi ba àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó kó àgékù náà sórí tábìlì, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, ó sì so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá rẹ̀ ṣe ń so ó. Búláòsì ló fi rán. Èyí tó ṣẹ́ kù, ó dì í sínú báàgì.

Ní Sátidé náà, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù kún. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, òun náà fi fìlà bojú kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́sí ń jó lórí sìmẹ́ńtì pupa náà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, orúnkún ń ké, olúkúlùkù di awò ojú rẹ̀ mú. Ọmọ alápatà ti di Alápatà fúnra rẹ̀, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé gbogbo ibi tó bá ń lọ. Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ó fi báàgì rẹ̀ há abíyá bó ṣe ń jó. Àárín wọn ni Ṣúgà wà. Ó ń yí, aṣọ ń là bí agboòrùn, kò sì tú.

Ó rí Ọmọ Aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ wo bá a ṣe jọra! Ẹ wò ó! Aṣọ kan náà!”

Ọmọ Aránṣọ kí wọn káàkiri, ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó sì gbé apá ẹ̀rọ orin sókè.

Orin dákẹ́ wáí. Gbogbo wọn gan. Ẹnikẹ́ni kò rò ó tẹ́lẹ̀, ara wọn ló rántí. Alápatà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì gbé e sílẹ̀. Ẹ wá rí nǹkan: olúkúlùkù wọn rò pé òun ni. Alápatà wo ikùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ìyẹn ló ṣẹ̀. Ojú Nọ́ọ̀sì wálẹ̀, ó fi ohùn ọmọdé bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ṣé èmi ni?” Àwọn àgbàlagbà tó ti sin òbí, tó ti fi ọmọ fọ́kọ, ẹ̀rù ọmọdé ń bà wọ́n.

Ṣúgà nìkan ni kò bà lẹ́rù. Wọn ò pa orin fún un rí láyé. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ta ló wọlé?”

“Ìwọ ni,” Ọmọ Aránṣọ wí.

“Èmi kẹ̀?”

“Ìwọ ni mo pa á fún. Wo búláòsì ọrùn mi. Aṣọ ta ni?”

“Aṣọ mi ni. Kí ló dé?”

“Ṣé mo jí i ni?”

“Kí ló fa jíjí? Èmi ni mo fún ẹ. Àgékù ni. Èmi ni mo ní kó o fi rán nǹkan.”

“Tún un sọ. Sọ ọ́ sókè.”

“Èmi ni mo fún ẹ!” Ṣúgà wojú àwọn èèyàn. “Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?”

“Ìyá ẹ náà ló fún ìyá mi,” Ọmọ Aránṣọ wí. “Aláró olódòdó. Orí àpótí oníbàárà lo jókòó sí, bisikíìtì lò ń jẹ. Ibi tó o dúró sí yẹn ni mo wà lọ́jọ́ tó o pe ìyá mi lólè.”

Ẹ̀ ń rí i lójú Ṣúgà bí nǹkan náà ṣe ń padà wá sí i lórí díẹ̀díẹ̀, yẹ̀rì náà, orin tó dákẹ́, ọmọ tó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ohun tó gba oúnjẹ lẹ́nu Ìyá Aránṣọ, Ṣúgà ti gbàgbé rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbàgbé agboòrùn sílé ẹni ẹlẹ́ni.

“Ọmọdé là ń ṣe nígbà yẹn,” ó wí.

“Ìyá mi kì í ṣe ọmọdé.”

“Ẹ bá mi dá sí i,” Ṣúgà wí fún àwọn tó kù. Kò sí ẹni tó mira. Orúnkún Alápatà ń gbọ̀n, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ṣúgà fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, kò lè ṣe é. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló fi rìn, ó ń fọwọ́ wá férémù ilẹ̀kùn, ó sì jáde.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀san kì í dùn. Ó dùn mọ́ Ọmọ Aránṣọ dé ọ̀fun. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ náà, ó di apá rẹ̀ mú, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Alápatà ló ba ìyẹn náà jẹ́. “O ṣeun,” ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín ìtura. “Ó ti yẹ kẹ́nì kan ṣe é fún un tipẹ́. Gbogbo wa la ṣáà mọ̀ pé ìyá ẹ ò jalè.”

“Ẹ mọ̀?”

“Ta ni ò mọ̀? Ṣúgà fúnra ẹ̀ ló sọ fún wa ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ọmọ Aránṣọ yíjú sí Nọ́ọ̀sì. “Ìwọ náà mọ̀. Ìyá ẹ wá kó aṣọ ẹ̀ lọ. Ṣé o sọ fún un?”

Nọ́ọ̀sì di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. “Ta ló fẹ́ kí wọ́n pa orin fún òun?” ó wí. “O mọ bó ṣe máa ń rí.”

“Ó ti tó, jàre,” ẹnì kan wí lẹ́yìn. “Gbé apá ẹ̀rọ sílẹ̀, jẹ́ ká jó.”

Ọmọ Aránṣọ wò wọ́n. Wọ́n ṣì dúró bí wọ́n ṣe wà, gbogbo wọn, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni apá ẹ̀rọ náà wà. Bí wọ́n ṣe dúró fún Ṣúgà nìyẹn. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bínú sí ẹnì kan ṣoṣo, àwọn wọ̀nyí sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, ó ń bá wọn rán aṣọ, ó ń di àgékù fún wọn.

Ó yọ irin tín-ín-rín tó wà lẹ́nu apá ẹ̀rọ náà, èyí tí rẹ́kọ́ọ̀dù kò lè kọrin láìsí i, ó fi sínú àpò rẹ̀.

“Ẹ dúró bẹ́ẹ̀,” ó wí. “Ẹ mọ̀ ọ́n dúró.”

Ó jáde. Iwájú ló kọ síta.

Ṣúgà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ojú rẹ̀ ti wú. Ó dìde nígbà tó rí i. “Mú mi lọ bá ìyá ẹ,” ó wí. “Jọ̀wọ́. Màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.”

“Ìyá mi ti kú.”

“Ó ti kú? Nígbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Àgékù ló ń ṣa lórí ibùsùn títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ kò sí àgékù níbẹ̀.”

Ṣúgà jókòó padà bí ẹni tí wọ́n tì. Ọmọ Aránṣọ ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìdì àgékù náà jáde, ó sì gbé e lé e lórí itan. “Tìẹ rèé. Ti búláòsì yìí, màá tú u, wàá rí i gbà kó o tó kúrò nílùú.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò gbọ́ orin kankan lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi dé ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà.

Káfíńtà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé. Ó wo ojú rẹ̀, kò béèrè èyí tó fẹ́ béèrè.

“Orin wọn ńkọ́?” ó wí.

Ọmọ Aránṣọ mú irin tín-ín-rín náà jáde nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì. “Mo pa á.”

Lẹ́yìn náà ó bọ́ búláòsì náà, ó wọ aṣọ ilé, ó sì fa àga sídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lójú rírán kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣa òwú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó má bàa ṣẹ́ kù.